Bí Mo Ṣe Gba Fèrè Akọ́nimọ̀ọ́gbá ní Ìlú Yìnyín

Ẹni tí ó bá fẹ́ wúkọ́, kí ó tètè wú u. Ẹni tí ó bá fi iná sílẹ̀ lábẹ́ ìkòkò nílé, kí ó lọ yọ igi rẹ̀, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí à ń gbọ́ ní ìdajì. Èmi Ọdẹ́jìnmí ni mo ń sọ̀rọ̀, èmi tí mo fi ọrùn ẹfọ̀n ṣe ìrọ̀rí, èmi tí àwọn ẹkùn ń fi orúkọ mi dẹ́rù ba ọmọ wọn. Bí ẹ bá rí ọdẹ mìíràn tí ó ní òun ti dé ibi tí mo dé, ẹ ní kí ó bọ́ bàtà rẹ̀ kí ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Tèmi nìyí. Òtútù ló jẹ ọmọ-ìka tí kò sí níbẹ̀ yẹn.

Tìámíyù aránṣọ, má wulẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ìwọ lo sọ níwájú gbogbo èèyàn lánàá pé owú jíjẹ kò yẹ àgbàlagbà. Ó dára. Ìtàn owú ni mo fẹ́ sọ, owú tèmi gan-an, mi ò sì ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún èmi àti Àṣàbí ìyàwó mi. Ọdẹ́fúnkẹ́ ni orúkọ rẹ̀. Ẹsẹ̀ ọmọ náà yá. Bí ó bá ń sáré, àwọn ajá mi a dúró wò ó. Ní ọdún kan tí ọyẹ́ mú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó lọ ṣẹ́gi ní ẹ̀yìn ọgbà, ìjì kan sì sọ̀ kalẹ̀ láti apá òkè, ó gbé e bí ẹni gbé ewé, ó bá tirẹ̀ lọ. Igbó ni mo wà nígbà náà. Nígbà tí mo fi dé, Àṣàbí kò sunkún mọ́, omi ojú rẹ̀ ti gbẹ.

Ó ní, “Bàbá Ọdẹ́fúnkẹ́, ẹ̀yin tí ẹ máa ń tọ ipasẹ̀ ìgalà kọjá odò, ìgalà kan ò pè yín ní bàbá rí. Ẹ lọ tọ ipasẹ̀ ọmọ yín.”

Mo mú ìbọn, mo mú àdá, mo di ẹ̀kọ sápò, mo sì wọ igbó. Ẹ̀yin tí ẹ ò ṣọdẹ rí lẹ ó béèrè pé ipasẹ̀ wo ni ìjì ní. Ibi tí ewé bá ti kọjú sí ọ̀nà tí kò yẹ kí ewé kọjú sí, ibẹ̀ ni ìjì gbà. Mo tọ àwọn ewé yìí títí mo fi wọ Igbó Ehín-ń-gbọ̀n, níbi tí àwọn ẹyẹ ti ń kọrin láàárín ikọ́. Iwin kan jókòó sí ojú ọ̀nà, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, ó fi wọ́n dí i. Òtútù ti mú un débi pé bí ó bá sín, igi a ya. Mo kí i ní pẹ̀lẹ́. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí.

Ó ní, “Ìwọ ọdẹ, ìbéèrè kan ni mo ní. Bí o bá gbà á, mo ká ẹsẹ̀ kò. Bí o kò bá gbà á, màá sín lù ọ́. Mo ní omi tí a kì í bù mu. Mo ní òkúta tí a kì í fi í lọ ata. Ó ń ti òkè bọ̀ kò ní ẹsẹ̀, ó ń lu òrùlé onílé kò sọ pé àgò. Bí òòrùn bá sì kí i, ó kú. Kí ni?”

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ní ilẹ̀ wa, bí òjò àkọ́rọ̀ bá bẹ̀rẹ̀, ṣé kì í ṣe igbá ni àwọn ọmọdé ń gbé sáré jáde láti lọ ṣà á jẹ? Mo ní, “Yìnyín ni. Ọmọ ọwọ́ ìlú wa mọ ìyẹn.”

Iwin ká ẹsẹ̀ kò. Ó ní, “O gbà á. Ṣùgbọ́n ibi tí ò ń lọ, yìnyín kì í kú. Òòrùn ibẹ̀ kì í kí ẹnikẹ́ni.”

Láti ibẹ̀ mo gba Ìlú Òjòwú kọjá. Ojú kan ṣoṣo ni ẹnì kọ̀ọ̀kan níbẹ̀ ní, ẹ̀gbẹ́ orí ló sì wà, ní ìhà ilé aládùúgbò. Bí ìyàwó ẹnìkan bá bí ìbejì, gbogbo àdúgbò a gbààwẹ̀. Bí iṣu ẹnìkan bá ta, ẹnìkejì a hú tirẹ̀ láìpé oṣù kí ó lè mọ̀ bóyá ó ju ti onítọ̀hún lọ. Baálẹ̀ wọn ní kí wọ́n mú mi wá, ó ní kí n sọ ẹni tí mò ń jowú. Mo ní, “Ta ló ní ohun tí èmi Ọdẹ́jìnmí kò ní?” Wọ́n fi orí kan orí, wọ́n ní ẹni tí kò jowú ẹnikẹ́ni yóò ba àwọn ọmọ àwọn jẹ́, wọ́n sì tì mí jáde ní ibodè. Mo fi wọ́n ṣẹlẹ́yà títí mo fi rìn jìnnà. Àìrìnjìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, àwọn àgbà kò parọ́.

Bí mo ṣe yọ sí Ìlú Yìnyín, ìbọn mi dì mọ́ mi lọ́wọ́. Ilé funfun, igi funfun, èéfín ń jáde lẹ́nu gbogbo èèyàn bí ẹni mu tábà. Ní àárín ìlú ni odò ńlá kan wà tí ó ti dì pátápátá, tí ó ń dán bí àwo tánganran. Orí odò yìí ni àwọn eléré wà. Bàtà ẹsẹ̀ wọn, irin mímú bí ọ̀bẹ ni wọ́n kàn mọ́ ọn nísàlẹ̀. Ọ̀pá tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ọrùn ọkọ́ ni wọ́n mú dání, wọ́n ń fi gbá nǹkan dúdú pẹlẹbẹ kan bí àkàrà tó jóná, ẹgbẹ́ kìíní ń fẹ́ gbá a wọ inú àwọ̀n ẹgbẹ́ kejì. Eré náà yá ju ojú lọ. Èmi tí mo máa ń rí àwòdì kí ó tó rí òròmọdìyẹ, mo pàdánù àkàrà yẹn lójú lọ́pọ̀ ìgbà.

Ẹni tó sì yá ju gbogbo wọn lọ ni ọmọbìnrin kan tí ó fi gèlè ìyá rẹ̀ di ọ̀fun. Ọdẹ́fúnkẹ́ ni. Mo pè é. Kò wò mí. Mo tún pè é, ó fa gèlè náà bo etí bí ẹni tí atẹ́gùn fẹ́ lù. Lẹ́yìn náà ni ó kọjú sí apá ibi tí mo wà, ojú rẹ̀ tàn, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá.” Mo la apá mi. Ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá bí ẹni gba ẹ̀gbẹ́ igi, ó lọ dúró níwájú ọkùnrin gíga kan tí ó gbé fèrè kọ́rùn. Ọkùnrin yẹn ni ó ń pè.

Ẹ̀yin ará, ejò ti bù mí jẹ rí. Ẹfọ̀n ti gbé mi sọ rí. Ohun tó dìde nínú ikùn mi lọ́jọ́ yẹn burú jù wọ́n lọ. Owú ni. Mo jowú ọkùnrin náà. Mo jowú fìlà orí rẹ̀, mo jowú etí rẹ̀ méjèèjì tí ó gbọ́ ìpè yẹn. Mo gbé ìbọn sókè, mo yìn ín, kò dún, ẹ̀tù inú rẹ̀ ti di yìnyín.

Ọkùnrin náà rí ìbọn, kò sá. Ó rọra wá bá mi, ó ṣí fìlà. Kòbẹ̀rù-òtútù ni wọ́n ń pè é, òun ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ tí Ọdẹ́fúnkẹ́ wà.

Ó ní, “Ẹ kú ìrìn o, bàbá. Ojú yín àti ojú ọmọ náà jọra. Ìjì ló gbé e jù sẹ́nu ọ̀nà mi, ó ń gbọ̀n. Mo fún un ní ọbẹ̀, mo fún un ní bàtà. Oúnjẹ ìlú wa ni kì í jẹ́ kí èèyàn rántí ilé. Ẹ má bínú pé kò dá yín lóhùn. Ẹni tí kò bá ní fèrè, eléré kì í rí i, ohùn rẹ̀ sì máa ń dà bí atẹ́gùn létí wọn.”

“Ta ló ń fúnni ní fèrè?”

“Ìyá Olófèrè. Ṣùgbọ́n kì í fi tọrẹ, bàbá. Ẹ̀kọ́ la fi ń gbà á, ìdánwò la fi ń parí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́, màá mú yín lọ.”

Ká ní ó bú mi ni, mi ò bá ti mọ ohun tí màá ṣe. Ọ̀wọ̀ tí ó fún mi ló tún dá kún ìbínú mi. Síbẹ̀ mo tẹ̀ lé e, nítorí ọmọ ẹni kò ní wà níwájú ẹni kí a máa dà bí atẹ́gùn sí i.

Irun orí Ìyá Olófèrè jẹ́ ọ̀wọ̀n-ọ̀wọ̀n yìnyín, ó ń dún wọnran-wọnran bí ó bá mi orí. Ó bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi fèrè ṣe. Mo ní mo fẹ́ fi bá ọmọ mi sọ̀rọ̀ kí n lè mú un lọ sílé.

Ó ní, “Ìdí tí kò dára nìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn tí ìdí tiwọn dára kì í sábà parí ẹ̀kọ́. A kì í fa ọmọ ọlọ́mọ lé ẹni tí a kò mọ ìwà rẹ̀ lọ́wọ́. Ta ni yóò jẹ́rìí rẹ?”

Mo ní èmi nìkan ni mo wá. Ó ní ẹnìkan bá mi wá. Ó na ìka sí ilẹ̀, òjìji mi sì dìde, ó gbọn ara rẹ̀ bí ajá tó ti odò jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́.

Òjìji mi ní, “Ó máa ń fọ́nnu. Ẹfọ̀n tí ó ń fi ọrùn rẹ̀ ṣe ìrọ̀rí yẹn, àìsàn ló pa á, a bá a nílẹ̀ ni. Inú rẹ̀ tètè máa ń ru. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí mo ti ń tẹ̀ lé e, kò gbé ọwọ́ sókè sí ọmọdé rí nítorí ìbínú.” Ó tún sùn sílẹ̀. Wọ́n gbà mí.

Tìámíyù, mo ní kí o má rẹ́rìn-ín. Òjìji kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ ẹfọ̀n yẹn tán.

Mi ò fọwọ́ kan oúnjẹ wọn kí n má baà gbàgbé ilé, ẹ̀kọ inú àpò mi nìkan ni mo ń jẹ. Àwa tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ pọ̀. Iwin kan wà láàárín wa tí ó ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ, kí ó tó wọ bàtà tán, ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà ti parí. Òmíràn a máa sunkún, omijé rẹ̀ a dì, a máa fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀ tà. Ìṣubú ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wa, pé ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń ṣubú kò lè kọ́ ọmọ bí a ṣe ń dúró. Mo ṣubú títí egungun ìdí mi fi mọ gbogbo orí odò náà ní àmọ̀dunjú. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń pọ́n irin abẹ́ bàtà, bí a ṣe ń di ojú ọgbẹ́, bí a ṣe ń kọ́ ọmọ kékeré láìfi ohùn le e. Wọ́n kọ́ wa pé eléré kì í pẹ́ lórí yìnyín, nítorí gbogbo agbára rẹ̀ ni ó fi ń sáré lẹ́ẹ̀kan náà. Akọ́nimọ̀ọ́gbá ni yóò mọ ẹni tí èémí rẹ̀ fẹ́ tán, tí yóò pè é wá jókòó, tí yóò sì rán ẹlòmíràn wọlé.

Èyí tó kẹ́yìn yìí, mo fi yangàn. Ta ni yóò kọ́ ọdẹ ní èémí wíwò? Mo lè sọ ìgbà tí eléré kan yóò rẹ̀ kí òun fúnra rẹ̀ tó mọ̀. Ìyá Olófèrè fi mí ṣe àpẹẹrẹ, iwin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ sì bínú sí mi, ó jù mí ní bàtà kan. Mo gbádùn ìyẹn púpọ̀.

Ohun tí mi ò gbádùn ni pé Kòbẹ̀rù-òtútù wà lára àwọn tó ń kọ́ wa. Èmi bàbá ọmọ, mo jókòó sílẹ̀, ó dúró níwájú mi, ó ń sọ̀rọ̀ ọmọ mi. Ó ní, “Ẹ wo Ọdẹ́fúnkẹ́. Ó fẹ́ràn kí wọ́n kọ́kọ́ yìn ín kí wọ́n tó bá a wí. Bí inú rẹ̀ kò bá dùn, etí ló máa ń fà.” Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹ̀dọ̀ mi ń jó bí mo ṣe ń gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni ó ní, “Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kì í fẹ́ kí ara wúwo lé òun. Mo ti wò ó títí, mi ò mọ ìdí.”

Èmi mọ ìdí. Ó já bọ́ láti orí igi ìgbá nígbà tí ó ṣì ń ká ehín, èmi ni mo gbé e sẹ́yìn lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń to egungun. Kòbẹ̀rù-òtútù wo ojú wa káàkiri bóyá ẹnìkan yóò sọ̀rọ̀. Mi ò sọ ọ́. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síbi tí mo ń sùn, mo ń jẹ ẹ́ lẹ́nu bí ẹran sísun.

Òfin kan wá wà níbẹ̀ tí ó ju gbogbo òfin lọ. Ìyá Olófèrè fúnra rẹ̀ ló kọ́ wa.

Ó ní, “Bí eléré bá ṣubú, akọ́nimọ̀ọ́gbá kò gbọdọ̀ sọ pé pẹ̀lẹ́. Kí ó pa ẹnu mọ́ títí onítọ̀hún yóò fi dìde fúnra rẹ̀. Ẹni tí a bá kí ní pẹ̀lẹ́ kan, yóò dùbúlẹ̀ de èkejì. Ọ̀rọ̀ aláìnífèrè, atẹ́gùn ni, kò ní ju kí ó pàdánù ìdánwò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti gba fèrè tí ó wá rú òfin yìí, fèrè rẹ̀ yóò yọ́, a ó lé e jáde, ibodè wa kò sì ní mọ̀ ọ́n mọ́ láé.”

Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ará. Níbo ni wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀? Ní ilẹ̀ wa, bí àlejò tí a kò rí rí bá fẹsẹ̀ kọ lẹ́nu ọ̀nà ọjà, pẹ̀lẹ́ á ti kúrò lẹ́nu wa kí àtàǹpàkò tirẹ̀ tó mọ̀ pé ó dun òun. A ń kí ẹni tó sín, a ń kí ẹni tí ẹrù wà lórí rẹ̀. Èmi fúnra mi ti kí àgbọ̀nrín tí mo yìnbọn lù ní pẹ̀lẹ́ rí. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí à ń rò kí a tó sọ. Ó kàn ń jáde ni.

Ọjọ́ ìdánwò mi pé. Ẹgbẹ́ Ọdẹ́fúnkẹ́ ni Ìyá Olófèrè mọ̀ọ́mọ̀ yàn fún mi. Níwọ̀n bí wọn kò ti lè rí mi, etí Ìyá Olófèrè ni mò ń sọ̀rọ̀ sí, òun sì ń fi àsíá júwe fún wọn. Mo ṣe é dáadáa. Mo pe ẹni tó rẹ̀ jáde, mo rán ẹni tó sinmi wọlé, àwọn iwin tó ń wòran ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu itan. Àfi bí ọmọ ẹgbẹ́ kejì kan ṣe sáré kọ lu Ọdẹ́fúnkẹ́, ó sì ṣubú yakata.

“Pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi.”

Ó ti jáde. Ìyá Olófèrè ká àsíá kò, ó ní mo pàdánù. Ọdẹ́fúnkẹ́ gbé orí sókè lórí yìnyín, ó wo yíká, ó ń wá nǹkan kan, lẹ́yìn náà ni ó dìde.

Wọ́n ní kí n padà lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i. Nígbà tí mo tún jókòó fún ìdánwò, mo ki fìlà mi bọ ẹnu. Ọdẹ́fúnkẹ́ gba àkàrà dúdú yẹn, ó ń sá lọ, kò sí ẹnikẹ́ni nítòsí rẹ̀, ó sì dédé ṣubú. Pẹ̀lẹ́ gba imú mi jáde. Wọ́n gbọ́ ọ. Mo tún pàdánù.

Kòbẹ̀rù-òtútù wá bá mi níbi tí mo jókòó sí. Ó ní, “Bàbá, ọmọ yìí kì í ṣubú. Láti ìgbà tí ẹ ti dé ló ti ń ṣubú.” Mo rò pé olórí burúkú ló ń pè mí. Mo ní kí ó kúrò níwájú mi. Kò kúrò. Ó jókòó tì mí lórí yìnyín, ó ní òun yóò kọ́ mi bí a ṣe ń dákẹ́, nítorí òun ló mọ̀ ọ́n ṣe jù nílùú náà. Kí ni mo lè ṣe? Ó kọ́ mi bí a ṣe ń fi ahọ́n ti ẹ̀yìn ehín, bí a ṣe ń gbé ojú kúrò lára ẹni tó ṣubú lọ sára ẹni tó ṣì dúró. Ó kọ́ mi dáadáa. Mo kórìíra rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí ó fi ń kọ́ mi, mo sì ń jowú pé ó mọ̀ ọ́n kọ́.

Ìdánwò ìkẹyìn dé. Ìyá Olófèrè ní bí mo bá pàdánù èyí, kí n máa lọ. Eré ti fẹ́ parí, àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì ṣe déédéé, Ọdẹ́fúnkẹ́ sì tún ṣubú. Orúnkún rẹ̀ la, ẹ̀jẹ̀ rọ sórí yìnyín. Kò dìde. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó gbé etí sókè. Mo ti ahọ́n mọ́ ehín. Mo gbé ojú kúrò. Omi jáde lójú mi, ó dì lẹ́rẹ̀kẹ́ mi, mi ò sọ̀rọ̀. Ó pẹ́ kí ó tó fi ọwọ́ ti ara rẹ̀ dìde, kò sì wo yíká mọ́. Ó gba àkàrà dúdú, ó gbá a wọ inú àwọ̀n, eré parí. Gbogbo ìlú hó.

Ìyá Olófèrè ṣẹ́ ọ̀wọ̀n yìnyín kan nínú irun rẹ̀, ó gbẹ́ ẹ, ó lu ihò sí i, ó fi okùn kọ́ ọ sí mi lọ́rùn. Ó ní, “O ti di akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ní ọyẹ́ ọdọọdún, wá tún ẹ̀kọ́ rẹ ṣe níwájú mi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, fèrè yìí yóò máa tinrín títí yóò fi tán.” Bí fèrè náà ṣe kan àyà mi, àwọn eléré yí ojú sí mi lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n rí mi.

Ọdẹ́fúnkẹ́ tiro wá síwájú mi. Ó kúnlẹ̀ dáadáa bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ, orúnkún tó la yẹn ló fi kúnlẹ̀. Ó ní, “Ẹ kú oríire, akọ́nimọ̀ọ́gbá.”

Kò mọ̀ mí. Ó dìde, ó yíjú sí Kòbẹ̀rù-òtútù, ó ní, “Bàbá, ẹ jẹ́ ká máa lọ sílé.” Ọkùnrin náà na ọwọ́ sí i láti gbá a mú. Mo wo ọwọ́ yẹn, mo wo ẹ̀jẹ̀ tó ń kán láti orúnkún ọmọ mi. Mo mọ̀ pé bí mo bá la ẹnu, wọn yóò lé mi jáde, mi ò sì ní rí i mọ́ láyé. Mo la ẹnu.

“Pẹ̀lẹ́, Ọdẹ́fúnkẹ́. Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi.”

Fèrè di omi láyà mi, ó ṣàn lọ sínú ikùn mi, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ etí ọmọ mi. Ọdẹ́fúnkẹ́ dúró gbagidi. Ó ṣì kẹ́yìn sí mi.

Ó ní, “Ẹ̀yin ni atẹ́gùn yẹn.”

Mo ní, “Èmi ni.”

“Atẹ́gùn kan máa ń sọ nǹkan bí mo bá ṣubú. Mi ò mọ ohun tó ń sọ, ṣùgbọ́n ó máa ń dùn mọ́ mi. Mo ń mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú kí n lè tún gbọ́ ọ. Lónìí, mo dùbúlẹ̀ títí, kò sọ ọ́ mọ́.” Ó wá yíjú sí mi, mo sì rí i pé ojú ilé ti padà sójú rẹ̀. “Bàbá mi, kí ló dé tí ẹ dákẹ́?”

Mo kàn gbá a mú ni.

Ìyá Olófèrè gbọn irun orí rẹ̀. Ó ní, “Akọ́nimọ̀ọ́gbá ti rú òfin. Kí ó jáde. Eléré tí ó kẹ́, òun náà ti bàjẹ́, yóò máa dùbúlẹ̀ de pẹ̀lẹ́ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Kò wúlò fún yìnyín mọ́. Kí àwọn méjèèjì jáde.” Ẹ ò rí nǹkan. Ẹjọ́ tí wọ́n fi lé mi ni wọ́n fi fún mi lọ́mọ. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, ó yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tí kò rí mi.

Kòbẹ̀rù-òtútù ló sìn wá dé ibodè. Bàtà onírin Ọdẹ́fúnkẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti nù ún, ó ti fi aṣọ wé ẹnu rẹ̀ kí ó má baà gé e lọ́nà. Bí a ṣe ń lọ, mo ń wá bí màá ṣe sọ ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ kan fún un, kò gba ẹnu mi jáde. Ohun tó jáde ni pé, “Igi ìgbá ni. Orí igi ìgbá ló ti já bọ́ ní kékeré, ẹsẹ̀ òsì ló fi balẹ̀.” Ó mi orí, ó ní, “Ẹ ṣeun, bàbá. Ó ti ń dùn mí pé mi ò mọ̀ ọ́n.” Ó gbé bàtà náà fún ọmọ.

A kọjá ibodè sórí iyanrìn gbígbẹ, Kòbẹ̀rù-òtútù gbé ẹsẹ̀ kan tẹ̀ lé wa, ó sì ṣubú. Ọkùnrin tó ti ń sáré lórí yìnyín kí wọ́n tó bí bàbá mi, orí iyanrìn ló ti ṣubú. Kò dìde. Ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó ń wo Ọdẹ́fúnkẹ́.

Ọmọ mi já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi. Ó sáré padà, ó bẹ̀rẹ̀ tì í, ó fi gèlè ìyá rẹ̀ nu iyanrìn ojú rẹ̀.

Ó ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ẹ pẹ̀lẹ́ o.”

Ọkùnrin náà pa ojú dé. Inú rẹ̀ dùn débi pé mo gbé ojú mi kúrò, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe kọ́ mi. Mo dúró síbẹ̀, mo ka ewé orí igi, títí ó fi dìde tí ó sì padà sínú òtútù rẹ̀.

Àṣàbí gba ọmọ rẹ̀, ìlú jó, ẹ̀yin àgbà kan níbí jẹ nínú ẹran ọjọ́ náà. Kí n tó dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí fún yín, kí Tìámíyù lè rí nǹkan fi ṣẹ̀fẹ̀ lọ́la. Láti ìgbà náà, mo ti mọ̀ọ́mọ̀ kọsẹ̀ lójú Ọdẹ́fúnkẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà nínú ọgbà yìí. Kì í kùnà, a máa sáré wá, a máa ní, “Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá.” Mo ti fi etí sí i dáadáa. Kò tíì sọ ọ́ rí bí ó ṣe sọ ọ́ fún ọkùnrin yẹn.